"Báwo lo ṣe mọ̀?": bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tórí ẹ̀ pé láti ronú àti láti ṣèwádìí

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ọmọ tí mò ń sọ. Ẹ ò tíì béèrè ìbéèrè tán, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lókè. Ẹ kọ iṣẹ́ 20 sójú pátákó, kí àwọn tó kù tó kọ déètì tán òun ti parí, ó ti ń da ẹni tó jókòó tì í láàmú. A máa ń sọ pé ọmọ báyìí ò nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká dojú kọ àwọn tí kò yé. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo wá rí ni pé ọmọ tí ìdáhùn máa ń tètè dé ẹnu ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì há mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kò tíì jókòó ti ohun tí kò yé e fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò mọ ohun téèyàn ń ṣe nírú àsìkò yẹn. Tó bá wá dé yunifásítì tí nǹkan le fún un, ńṣe ló máa rò pé orí òun ti bàjẹ́. Torí náà, gbogbo ohun tí mò ń kọ́ wọn ò ju méjì lọ: kí wọ́n lè pẹ́ lórí ìbéèrè kan, kí wọ́n sì lè sọ bí wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n láwọn mọ̀.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lásán. Gbogbo ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu aago, àwọn ọmọ 11 máa ń dúró dè mí, láti JSS2 dé SS1. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Suleja tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tórí wọn pé jù, ìyẹn dáa gan-an, àmọ́ àwọn mélòó ló máa débẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù wà nínú kíláàsì wa níbí, ọmọ 60 lábẹ́ tíṣà kan, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì.

Ẹ má fi pósísọ̀n nìkan ṣà wọ́n o. Ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀sì lè jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé há sórí ni, ọmọ kan sì lè wà lẹ́yìn tó ń ṣe twenty-third àmọ́ tó jẹ́ pé òun ló ń tún rédíò gbogbo àdúgbò ṣe. Joseph Renzulli, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1978 pé nǹkan mẹ́ta ló máa ń pàdé lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọpọlọ tó ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ìrònú tó lè dá ohun tuntun sílẹ̀, àti kó lè gbájú mọ́ nǹkan kó má sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo máa ń wò jù. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: màá mú nǹkan tó rúni lójú wá sí kíláàsì láàárọ̀, bóyá ẹyin kan tó léfòó lójú omi iyọ̀ tí ọ̀kan sì rì sínú omi lásán, mi ò ní ṣàlàyé, màá kàn máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ọmọ tó bá ṣì wá bá mi nígbà bíréèkì pé "mà, ẹyin yẹn ńkọ́?", orúkọ ẹ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Mo pa á fún wọn: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kíá, wọ́n ti pariwo pé ẹ̀wà! Ó tọ̀nà, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀wà ni? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan ní, wọ́n sọ fún wa ni. Mo ní, ká ní ẹnì kankan ò sọ fún yín ńkọ́, kí ló wà nínú àlọ́ yẹn tó máa gbé yín dé ìdí ẹ̀wà, kí ni nǹkan mìíràn tó tún lè jẹ́?

Ọmọkùnrin kan ní ìṣin, torí hóró ẹ̀ dúdú. Ẹnì kejì já a pé hóró mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìṣin, igba ọmọ ńkọ́? Wọ́n tún rò ó, ọmọbìnrin kan tí kì í fọhùn rárá wá ní ìbẹ́pẹ. Ẹ ò rí i pé àwọn tó kù ta gìrì! Hóró inú ìbẹ́pẹ pọ̀ ju igba lọ, inú ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ó fẹ́ẹ̀ dáa ju ẹ̀wà gan-an lọ torí pódì ẹ̀wà kan ò lè bí igba. Wọ́n fà á títí, ó tó ogún ìṣẹ́jú, kí ọ̀kan tó sọ pé tìróò kì í bo gbogbo ara, etí ojú nìkan la máa ń lé e sí, hóró ìbẹ́pẹ dúdú látòkè délẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ẹ̀wà nìkan ló dúdú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe yẹn dáadáa. Wọ́n mú ìdáhùn mẹ́ta, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ọ̀rọ̀ inú àlọ́ wò, wọ́n sọ ibi tó bá a mu àti ibi tí kò bá a mu, wọ́n wá mú àwọn tó kù díẹ̀ káàtó kúrò. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí fi àlọ́ ilé ìyá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè panu mọ́ o. Ìyẹn ló nira jù fún àwa tíṣà. Mary Budd Rowe, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nínú kíláàsì ní àwọn ọdún 1970, rí i pé tíṣà kì í sábà dúró ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì kan lọ lẹ́yìn tó bá béèrè ìbéèrè, á ti pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀; nígbà tí wọ́n wá dúró tó sẹ́kọ́ńdì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Èmi máa ń ka ọ̀kan dé márùn-ún nínú. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́la, ẹ máa rí i pé ó gùn bí ọdún.

Lẹ́yìn àlọ́, mo máa ń lo òǹkà wa. Mo kọ 14, 15, 16, 17 sílẹ̀, mo ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá, kí wọ́n wá òfin tó wà nídìí ẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n á rí i pé ẹẹ́rìnlá ń fi 4 kún 10, ṣùgbọ́n tó bá ti di ẹẹ́dógún, ńṣe la ti ń yọ kúrò nínú 20. Wọ́n á rí ogójì pé ogún méjì ni, ọgọ́ta ogún mẹ́ta, wọ́n á wá rí i pé àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ 10 nínú ẹ̀. Tí òfin yẹn bá ti dá wọn lójú, mo ní kí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí 130 máa jẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lọ bi màmá àgbà nílé. Àádóje ni, ogóje dín mẹ́wàá, inú àwọn tó gbà á máa ń dùn kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá wá ní, ó dáa, 30 ńkọ́? Ṣé ẹ rí i, ọgbọ̀n ò tẹ̀lé òfin yẹn rárá. Ọmọ tó ń sáré á fẹ́ fo ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó fò ó. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ gbàgàdà pé òfin mi ṣiṣẹ́ níbí àti níbí, kò ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá rò ó, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń bu owó lé ọmọ tó bá sọ èdè abínibí lẹ́nu. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tiẹ̀, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Tí ọmọ mi bá ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri, ìrònú yẹn á ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó kọ́kọ́ rò ó tán, a máa tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn.

Èdè wa tiẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́ níbòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, Hallen àti Sódípọ̀, lọ bá àwọn oníṣègùn jókòó lórí ọ̀rọ̀ "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé Yorùbá kì í fẹ́ sọ pé òun mọ nǹkan àfi tó bá ṣojú ẹ̀. Tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un ni, ó gbà á gbọ́ ni. Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀: gbà, gbọ́. Látorí ẹ̀ ni mo ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pín ojú ìwé nóòtù ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, mo rí, mo gbọ́, mo rò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ń bínú sí i níbẹ̀rẹ̀, torí wọ́n máa ń rí i pé ìdajì ohun tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀, "mo gbọ́" ni. Báírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù, mo máa sọ ìdí ẹ̀.

Abẹ́ "mo gbọ́" yẹn ni ìròyìn fóònù wà. Mo máa ń sọ ti omi iyọ̀ fún wọn, torí a ò tíì bí àwọn míràn nínú wọn tàbí wọ́n kéré. Oṣù kẹjọ 2014, àrùn Ebola ti wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wá ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí kálukú fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kó sì mu ún. Àwọn èèyàn ń kanlẹ̀kùn ara wọn lóru. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mo fẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan dèrò ọsibítù, ìròyìn sì gbé e pé àwọn kan bá a lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n gbà pé ọjọ́ yẹn la wà, àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí lẹ máa bi í? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Báwo lonítọ̀hún ṣe mọ̀? Tó bá jẹ́ irọ́, ta ló máa mọ̀ pé irọ́ ni, ṣé a lè dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn? Ṣé ibòmíràn tí kò da ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ látibí sọ ohun kan náà? Ìbéèrè kẹrin yìí ni kẹ́ ẹ pẹ́ lé lórí, torí àwọn ọmọ rò pé tí nǹkan bá ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp mẹ́wàá, ẹlẹ́rìí mẹ́wàá nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu kan ṣoṣo ló ti jáde. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá sọ ohun tó lé Ebola yẹn lọ gan-an: wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní èèyàn 800, wọ́n ń ṣọ́ kálukú wọn fún ọjọ́ 21. October 20 ọdún yẹn, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwádìí ilé dé ilé nìyẹn o, nóòtù àti ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Google àti àwọn AI tó ń dáhùn ìbéèrè, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mi ò lé wọn kúrò nídìí ẹ̀. Abẹ́ "mo gbọ́" ni òun náà wà, ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni wọ́n á bi í.

Ìwádìí lẹ́nu àgbàlagbà, ẹ jẹ́ ká wá tú u síwẹ́wẹ́ torí ó ládùn. Ọmọ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ ná, kó gba àyè, kó béèrè bóyá òun lè ká ohùn sílẹ̀ kó tó mú fóònù jáde. Kó má béèrè pé "ṣé lóòótọ́ ni pé nǹkan dùn láyé àtijọ́?", torí bẹ́ẹ̀ ni ni Bàbá máa sọ. Kó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sukúù ṣe rí?" Tí Bàbá ò bá mọ ọdún, kí ọmọ mú ìṣẹ̀lẹ̀ tó lọ́dún dání: sukúù ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní October 1959, Cocoa House ṣí ní 1965, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà jẹ́ 1968 sí 1969.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn lọ bá bàbá kan ní àdúgbò wọn. Bàbá ní sukúù ọ̀fẹ́ yẹn gan-an lòun bá wọ sukúù, lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó tún ní kóun tó wọ sukúù làwọn ti ń gbọ́ ìròyìn nídìí tẹlifíṣọ̀n ilé bàbá àwọn. Ọmọ yìí dé, ó ní mà, Bàbá ń parọ́, tẹlifíṣọ̀n ò tíì dé nígbà yẹn. Mo ní rárá o, ẹnu wa ò gbọ́dọ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì yìí ò tíì bára mu, kó o padà lọ bi wọ́n pé báwo ni kiní náà ṣe rí, kí lẹ ń rí nínú ẹ̀, ibo ni wọ́n gbé e sí? Ó padà lọ. Bàbá ní àpótí kékeré kan ni, ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́, ohùn nìkan ló ń tibẹ̀ jáde, a ò lè yí i sí ibòmíràn. Asọ̀rọ̀mágbèsì Redifúṣọ̀n ni, rédíò àtijọ́ tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé! Bàbá kàn pe orúkọ ẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n ni. Ká ní ọmọ yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni, ó máa pàdánù ohun tó dùn jù nínú ìtàn yẹn. Tọ́mọ bá ti dàgbà díẹ̀, tó fẹ́ wo ìwé tí wọ́n kọ nígbà yẹn gan-an, National Archives wà nínú ọgbà University of Ibadan, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà síwájú kẹ́ ẹ tó lọ.

Iṣẹ́ ńlá tá a fi ń parí táàmù ni ti kóńgò. Ìbéèrè àwọn ọmọ kọ́kọ́ jẹ́ "kí ló dé tí oúnjẹ wọ́n?" Ìbéèrè yẹn tóbi jù, ọmọ JSS2 ò lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé ìdí ẹ̀. A ń gé e kù, a ń gé e kù, títí tó fi di ohun tí ọwọ́ wọn lè tó: ṣé ìrẹsì inú kóńgò kan dọ́gba ní gbogbo ìsọ̀ ọjà tó wà nítòsí wa? Ẹ má gé e fún wọn o, àwọn ni kó gé e. Mo kàn ń béèrè pé ọ̀nà wo lẹ máa gbà mọ̀, tí wọn ò bá rí ọ̀nà, wọ́n á tún gé e.

Kí wọ́n tó jáde, kálukú kọ èrò ẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó lè fi hàn pé èrò yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn láéláé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn ya wọ ọjà pẹ̀lú bírò àti nóòtù, ìyá kan lé wọn dànù, ó rò pé ìjọba ló rán wọn. Ẹ̀bi mi ni, mi ò kọ́ wọn bá a ṣe ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo ṣáájú, a kọ́kọ́ rí Ìyálọ́jà, a ṣàlàyé, àwọn ọmọ kí gbogbo ìsọ̀ pé ajé á wọgbá o, mà. Ìyá mẹ́fà yá wa ní kóńgò wọn. A kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì kan náà la fi wọn gbogbo ẹ̀, sikéèlì ẹni tó ń ta adìẹ inú frízà la yá.

Wọ́n wọn kóńgò àkọ́kọ́, ọ̀kan lára wọn ti fẹ́ máa kígbe pé ó kéré. Mo ní kí ẹlòmíràn bu ìrẹsì sí kóńgò yẹn kan náà. Ìwọ̀n ẹ̀ yàtọ̀! Ẹnì kan gbé orí lé e, ó rí ṣóńṣó, ẹnì kejì fi ọwọ́ gé orí ẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n wo ara wọn lójú. Àwọn fúnra wọn ló wá pinnu pé ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo ló máa bu gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ gé orí, wọ́n á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níkẹyìn, ohun tí wọ́n rí ni pé bá a ṣe ń gbé orí lé e mú ìyàtọ̀ wá ju agolo fúnra ẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́ọ̀sì nínú wọn ti kọ ọ́ pé wọ́n ń fi ìdí kóńgò rẹ́ni jẹ ni. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo rí i tó rọra ń ya ojú ìwé yẹn kúrò nínú nóòtù ẹ̀, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ní báírò nìyẹn, kí wọ́n má lè pa èrò àkọ́kọ́ wọn rẹ́. Àwọn ọmọ yìí, gbogbo èèyàn ti ń pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n látìgbà tí wọ́n wà ní nọ́sìrì, wọ́n rò pé tí àwọn bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan, orúkọ yẹn ti bọ́ lára àwọn nìyẹn. Mo jókòó tì í. Mo ní kó fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀, kó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, kó kọ "mo ti yí èrò mi padà torí pé…" kó parí ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fún un ní máàkì tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá mú irú nóòtù báyìí wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé ipò kélòó lo ṣe, ẹ bi í pé kí lo rò tẹ́lẹ̀, kí ló yí ẹ padà.

Ìròyìn wọn ò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, Yorùbá lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, a sì kà á fún àwọn ìyá yẹn nínú ọjà. Ẹni tí kóńgò ẹ̀ fúyẹ́ jù tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ní kóńgò òun jábọ́ lórí mọ́tò lọ́dún tó kọjá, ìdí ẹ̀ wọnú díẹ̀, bóyá ìyẹn ni. Àwọn ọmọ ò dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní mà, ẹ jẹ́ ká gbé e padà, ká fi òòlù lu ìdí ẹ̀ jáde, ká tún un wọ̀n lọ́jọ́bọ̀.